Ilé, Ilẹ̀ àti Iṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Wa Láti Abúlé Adó

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà. Ọ̀rọ̀ ibi tí a ó sùn ni, àti ohun tí a ó jẹ, àti iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa yóò ṣe. Bí ohun mẹ́ta yìí bá dàrú mọ́ ìlú kan lọ́wọ́, kò sí títì tàbí afárá tí a lè fi bo ìtìjú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 2025 ni Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé òun yóò kọ́ 100 ilé fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ó wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí a bá ṣírò rẹ̀, 77,400 ilé ni. Wọ́n ní ẹni tí a bá fún ní ilé náà kò ní san ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ń wọlé fún un lóṣù. Ìròhìn ayọ̀ ni èyí, àwa kò sì ní fi ẹnu tẹ́ ẹ. Amúwò-Ọ̀dọ̀fin wa jẹ́ ọ̀kan nínú 774 náà, nítorí náà 100 ilé ń bẹ tí a ṣe ìlérí rẹ̀ fún wa.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń wò. Ó yẹ kí a wo aṣọ tí ó wà lọ́rùn ìjọba láti ìgbà pípẹ́ wá, kí a mọ èyí tí ó gbó àti èyí tí ó ya. Ìbéèrè wa jẹ́ mẹ́ta: orí ilẹ̀ wo ni a ó kọ́ ilé wọ̀nyí sí? Ta ni a ó fi wọ́n fún? Iṣẹ́ wo ni ẹni tí a fún yóò máa ṣe, tí yóò fi lè máa san owó rẹ̀ láìjí ọmọnìkejì rẹ̀ ní owó?

Ẹ wo Abúlé Adó. Orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ abúlé, ṣùgbọ́n kí ni ó kù níbẹ̀ tí a lè pè ní abúlé? Ìlú Festac wà ní ìhà kan, Satellite Town wà ní ìhà kejì, ọjà Trade Fair wà nítòsí, títì Badagry sì ń gbé ọkọ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo agbègbè yìí, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń dá oko tí wọ́n sì ń pẹja kí Èkó tó na ọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, ará Èkó tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ní ìgbèríko kò kan òun, ó ṣì í rò. Ìgbèríko àná ni Èkó òní. Ìgbèríko òní, lọ́nà Badagry, lọ́nà Ẹ̀pẹ́ àti lọ́nà Ìkòròdú, òun ni Èkó ọ̀la. Bí a bá ti tẹ́ ẹ nísinsìnyí náà ni àwọn ọmọ wa yóò sùn lé e.

Kì í ṣe òní ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí ro ọ̀rọ̀ ilé, ilẹ̀ àti iṣẹ́ pọ̀ ṣọ̀kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ náà fi ń jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ padà sí oko baba wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iṣẹ́ ọ́fíìsì tí ó tó gbogbo wọn. Ohun tí ìjọba ṣe ni pé, ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960, ó dá àwọn oko ìjọba sílẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Fáàmù Sẹ́tùmẹ́ǹtì. Olóyè Akin Deko ni mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà, àpẹẹrẹ ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n sì wò ṣe é. Ó wà ní Ìlọra, ó wà ní Akùfọ̀, ó wà ní Ìkòròdú, ó sì wà ní ibòmíràn. A kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ti òde òní, a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ilé àti ilẹ̀ oko, a sì ń fún un ní owó oúnjẹ títí irè rẹ̀ yóò fi jáde. Ilé rèé, ilẹ̀ rèé, iṣẹ́ rèé, ní ọjọ́ kan náà, fún ẹnì kan náà.

Èrò rere ni, àwa kò sì mọ ìjọba kan láti ìgbà náà wá tí ó ro ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí kò fi yọrí bí a ti fẹ́? Èkíní, owó tí a ń ná lórí ọ̀dọ́ kan pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè gba ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú ogunlọ́gọ̀ tí ó nílò rẹ̀. Èkejì, igi kòkó, ọ̀pẹ àti rọ́bà kì í so ní ọdún kan. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo owó tí a ń ná lórí ọmọ náà di gbèsè sí i lọ́rùn. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, tí ó ń wo gbèsè tí ń ga ju igi rẹ̀ lọ, sùúrù rẹ̀ kò lè pẹ́. Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ wọn ka ara wọn sí òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ka owó oúnjẹ sí owó oṣù. Ẹ̀kẹrin, èyí tí àwa kà sí baba gbogbo rẹ̀, a gbé ọmọ kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí orí ilẹ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, níbi tí òun pàápàá kò dá lójú pé ọmọ òun yóò jogún rẹ̀. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ǹjẹ́ kí ni ká wí nípa oko tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín? Ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹrù wọn, wọ́n sì wá ọ̀nà ìgboro lọ.

Nígbà tí owó epo dé, ọ̀nà mìíràn ni ìjọba tọ̀. Ó kọ́ ilé nìkan, ó sì fi ilẹ̀ oko àti iṣẹ́ sílẹ̀. A dá ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀ ní ọdún 1973, ó sì kọ́ Festac, tí ó lé ní 5,000 ilé, fún àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní dé ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Nígbà tí àlejò lọ tán, a ṣẹ́ ìbò, a sì pín ilé náà fún àwọn ará ìlú. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ohun rere ni ìbò yẹn. Akọ̀wé tí kò ní baba ìsàlẹ̀ rí ilé gbà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti ọdún 1979 dé 1983, Alhaji Lateef Jakande, tí ó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Amúwò-Ọ̀dọ̀fin yìí, sí Ìsọlọ̀ àti sí ibòmíràn. Àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín ilé náà nígbà náà pé kò rẹwà. Olùkọ́ àti ọlọ́jà kékeré tí wọ́n di onílé níbẹ̀ kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí ìjọba kan kọ́ ilé àti ìgbà tí òmíràn tún rántí, ènìyàn kò dẹ́kun láti máa wá sí Èkó. Níbo ni wọ́n gbé? Ọ̀dọ̀ ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n lọ. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí abẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ ni ó ń fi okùn wọn ilẹ̀ fún ẹni tí ó bá mú owó wá, ì báà jẹ́ ilẹ̀ àgbàrá, ì báà jẹ́ abẹ́ wáyà iná ńlá, ì báà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù epo.

Ìyẹn ni ó mú wa dé ọjọ́ tí Abúlé Adó kò lè gbàgbé láé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, iná bú sókè ní ojú ọ̀nà páìpù epo. Ó kéré tán, ogún ènìyàn ni ó kú. Ọ̀pọ̀ ilé wó lulẹ̀, títí kan ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí à ń pè ní Bethlehem Girls' College. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Sister Henrietta Alokha, kú nígbà tí ó ń gba àwọn ọmọ rẹ̀ là. Kí Ọlọ́run kí ó má ṣe gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ epo ìjọba wí pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó kọlu àwọn àgbá gáàsì tí a tò sí ẹ̀bá ọ̀nà páìpù. Àwọn mìíràn sọ ohùn mìíràn. Gómìnà Babajide Sanwo-Olu dá àpò ìrànwọ́ bílíọ̀nù méjì náírà sílẹ̀ fún àwọn tí ó fara gbá. Àwa kò wá láti tún ẹjọ́ náà dá. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ tọ́ka sí: ilẹ̀ tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí, tí a kò sì fi olùtọ́jú kankan sí, kì í ṣófo. Ènìyàn yóò dé ibẹ̀. Bí kì í bá ṣe ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́, yóò jẹ́ ẹni tí kò ní in.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Ní ọdún 2016 ni Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó pè ní N-Power. Ó gba ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ọ̀dọ́, èyíinì ni 200,000, lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tún gba 300,000 kún un. Ó ń fún àwọn tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga jáde ní 30,000 náírà lóṣù. Owó náà gbé ọ̀pọ̀ ilé ró, ẹni tí ó bá sẹ́ ẹ kò ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, àwọn tí a gbà kẹ́yìn ń pariwo pé a jẹ àwọn ní owó oṣù púpọ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 sì ni a dá ètò náà dúró. Kí ni ó kù lọ́wọ́ wọn? Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Ní ibi iṣẹ́ kan tí àwa mọ̀, a rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti kọ́ iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Kò sí àga fún un, kò sí iṣẹ́ fún un. Ó ń lọ ra oúnjẹ wá fún àwọn ọ̀gá, ó ń buwọ́ lùwé ní òwúrọ̀, ó sì ń lọ ní ọ̀sán. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, a fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé náà dára, ó ní òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fi gbà á kò mọ iṣẹ́ kankan ju bí ó ti mọ̀ nígbà tí ó dé.

Ẹ fi ìyẹn wé ọ̀nà ti àwọn baba wa. Ọmọ iṣẹ́ a máa wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta. A ó gbà á ní ìlú gbogbo ènìyàn, a ó ṣe òmìnira rẹ̀ ní ìlú gbogbo ènìyàn, irinṣẹ́ a sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó jáde. Àwọn ará wa Ígbò tí ń ṣòwò ní Trade Fair àti Àlàbá ní irú rẹ̀: ọmọ a sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ọ̀gá a sì fi owó dá ọjà sílẹ̀ fún un. Kò sí ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ń bẹ.

Nítorí náà, èyí ni ìmọ̀ràn wa fún àwọn tí ọ̀rọ̀ 100 ilé yìí wà lọ́wọ́ wọn, ní Àbújá, ní Aláúsá àti ní ilé ìjọba ìbílẹ̀ wa.

Èkíní, kí a ṣẹ́ ìbò ilé náà ní gbangba, bí a ti ṣe ní Festac, kí a sì lẹ orúkọ àwọn tí ó tọrọ àti àwọn tí ó rí gbà mọ́ ara ògiri ilé ìjọba ìbílẹ̀, kí ìyá oníṣòwò lè wá kà á tàbí kí ó rán ọmọ rẹ̀ wá kà á. Ilé tí a pín ní ìkọ̀kọ̀, ẹni tí ó ní ilé mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ni yóò gbà á. Kí a sì yà lára rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ìdílé tí ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Kò tọ́ kí onílẹ̀ di ayálégbé lórí ilẹ̀ baba rẹ̀.

Èkejì, kí a fi ilẹ̀ ọgbà kún ilé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan wà láti ọdún 1908 pé bí ènìyàn mẹ́fà péré nínú àwọn tí ń san owó orí àdúgbò bá kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ilẹ̀ láti gbin oúnjẹ, dandan ni kí ìgbìmọ̀ ìlú ro ọ̀rọ̀ wọn. Ìpín ẹnì kan kò tó ìdajì pulọ́ọ̀tì kan tiwa. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ọgbà kéékèèké wọ̀nyí wà lára ohun tí ó bọ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé àwa kò lè ṣe é? Àwọn tí ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí ẹ̀bá títì Badagry ń ṣe é lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí olè ni wọ́n ń ṣe é, nítorí wọn kò ní ìwé, ẹnikẹ́ni sì lè lé wọn lọ́la. Àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wáyà iná ńlá, àti àwọn àyè tí òfin ní kí ilé má dé, kí a pe àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kí wọ́n sọ ibi tí ewéko kúkurú kò lè ṣe ewu, kí a sì pín ibẹ̀ fún àwọn ọlọ́gbà ní ọdún kan sí òmíràn, pẹ̀lú ìwé àti owó díẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ní kò yẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dé ibẹ̀. Ohun méjì ni a ó rí: ẹ̀fọ́ nínú ọbẹ̀, àti olùṣọ́ lórí ilẹ̀. Ẹni tí ó ní ebè mẹ́wàá sí ibì kan kò ní dákẹ́ nígbà tí ọmọ onílẹ̀ bá mú okùn dé, kò sì ní dákẹ́ bí ó bá gbóòórùn epo.

Ẹ̀kẹta, kí ilé tí a ń kọ́ náà jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Bí 100 ilé bá dìde ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, bíríkìlà yóò wà níbẹ̀, káfíńtà yóò wà, wẹ́dà, pulọ́ńbà àti oníṣẹ́ iná yóò wà. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn agbaṣẹ́ṣe pé ọ̀gá kọ̀ọ̀kan yóò gba ọmọ iṣẹ́ méjì láti inú ìjọba ìbílẹ̀ yìí, kí ìjọba san owó oúnjẹ wọn tààrà sí ọwọ́ wọn, kí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ dán wọn wò ní ìparí, kí a sì fún wọn ní irinṣẹ́ dípò ìwé ẹ̀rí nìkan. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ògiri ilé náà, kò ní wù ú láti wó o.

Àwọn kan yóò wí pé ilẹ̀ wọ́n ní Èkó, pé ẹni tí ó bá fi ilẹ̀ gbin ẹ̀fọ́ ń fi wúrà wọ́lẹ̀. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ń wí kì í ṣe ilẹ̀ tí a lè kọ́lé sí. Ilẹ̀ tí ó ti pa ènìyàn ni, nítorí pé a fi í sílẹ̀ láìní olúwa. Àwọn mìíràn yóò wí pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. Èyí kì í ṣe òtítọ́ pátápátá. Ọ̀dọ́ kò fẹ́ iṣẹ́ tí kò ní òpin, tí ọ̀gá yóò lò ó bí ẹrú tí kò ní dá a sílẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ òmìnira hàn án, ẹ fi irinṣẹ́ hàn án, kí ẹ sì wò ó bí kò ní dìde ní ìdájí. Àwọn kan yóò sì bi wá pé, ṣé ẹ̀yin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé oko ìjọba àtijọ́ kò yọrí ni? Bẹ́ẹ̀ ni, a sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe kó ọmọ jìnnà sí àwọn ènìyàn rẹ̀, kí a má ṣe di gbèsè ńlá lé e lórí, kí a sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ń so ní oṣù méjì, kì í ṣe ohun tí ń so ní ọdún mẹ́fà. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn.

Ó kù sí ọwọ́ tiwa náà. Kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Ta ni ń ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ páìpù nítorí pé owó rẹ̀ rọrùn? Àwa ni. Ta ni ń gba owó ilé ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, nígbà tí òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ? Àwọn onílé ni, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ka ìwé ìròhìn yìí. Ta ni ń dákẹ́ nínú ìpàdé àdúgbò nígbà tí ilé ń dìde lórí ojú àgbàrá, nítorí pé ẹni tí ń kọ́ ọ jẹ́ ènìyàn wa? Àwa náà ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Abúlé Adó, ẹ̀yin ará Festac, Satellite àti Amúwò, ẹ má ṣe dúró kí ilé náà tó dé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè. Ní ìpàdé àdúgbò yín tí ń bọ̀, ẹ yan ènìyàn mẹ́fà, bí òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti wí, kí wọ́n mú ìwé lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé: ilẹ̀ wo ni? Ta ni yóò gbé e? Àwọn ọmọ wa mélòó ni yóò kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀? Bí wọn kò bá dáhùn, kí ẹ padà lọ ní oṣù kejì pẹ̀lú ènìyàn ọgọ́ta. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò; ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ rárá, obì kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Níhìn-ín ni a ó ti dákẹ́. Kí Ọlọ́run kí ó fún wa ní ilé tí a ó sùn sí láìfòyà, ilẹ̀ tí a ó gbìn láìjà, àti iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa yóò fi jẹun láìtijú. Ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn.